Fọ́tò HEIC láti London kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà ìtẹ̀wé wa: ọ̀nà wo ni kí a gbà yí i padà?

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Òṣogbo, ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà kan ló sì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní London fi fáìlì 214 ránṣẹ́ sí mi. iPhone ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀, orúkọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn parí sí .HEIC, Windows 10 tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọmọṣẹ́ mi pa .HEIC rẹ́ lára ọ̀kan, ó kọ .jpg síbẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn títí a fi gbé e wọ CorelDRAW, ètò tí a fi ń to ojú ìwé, tí CorelDRAW kọ̀ ọ́ pátápátá. Mo tún lọ sí ìkànnì kan tó ní òun ń yí àwòrán padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣe márùn-ún, ó ní kí n san dọ́là kí òun tó ṣe ẹ̀kẹfà, bẹ́ẹ̀ dátà tí mo rà láàárọ̀ ti tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìsìnkú wáyé. Nínú àwọn irú fáìlì àwòrán tó wà, ẹnì kan ní PNG ni kí n yí gbogbo rẹ̀ sí nítorí pé òun ló mọ́ jù, ẹlòmíràn ní JPEG (èyí tó ń parí sí .jpg) ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

Aláwòrán Peckham

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó dátà. Ibi tí fọ́tò náà ti wá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, torí pé iṣẹ́ fọ́tò ni èmi náà ń ṣe níbí ní Peckham, London, ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí sì ń wá bá mi. Láti ìgbà tí Apple ti gbé iOS 11 jáde ní 2017 ni iPhone 7 àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fi HEIC pa fọ́tò mọ́ dípò JPEG. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fún fídíò HEVC pọ̀ ni wọ́n mú wá lò fún àwòrán kan ṣoṣo, nítorí náà fọ́tò tí ìbá gba mẹ́gábáìtì mẹ́rin bí ó bá jẹ́ JPEG lè má gbà ju méjì lọ. Ìtura ni fún ẹni tí fóònù rẹ̀ ti kún, ìyọnu sì ni fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ olóògbé bá ní kọ̀ǹpútà Mac, iṣẹ́ náà kò le. Kí wọ́n yan gbogbo fọ́tò náà nínú Finder, kí wọ́n tẹ apá ọ̀tún máòsì, kí wọ́n lọ sí Quick Actions, kí wọ́n mú Convert Image, kí wọ́n yan JPEG, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìtóbi rẹ̀ wà ní Actual Size. Láti macOS Monterey ti 2021 ni ó ti wà níbẹ̀. Ní ti fọ́tò tí wọ́n ṣì máa yà lọ́jọ́ ìsìnkú, kí wọ́n wọ Settings, kí wọ́n wọ Camera, lẹ́yìn náà Formats, kí wọ́n sì yan Most Compatible, JPEG ni fóònù yóò máa pa mọ́ láti ìgbà náà lọ. Kí ó yé wọn pé ìyẹn kò kan èyí tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ o.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fọ́tò lásán. Yóò di JPEG lóòótọ́, ṣùgbọ́n WhatsApp yóò ti gé e kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tí a bá sì ti gé kúrò lára fọ́tò kì í padà síbẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n yí i sí JPEG fúnra wọn, kí wọ́n wá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.

Ìyá Kọ̀ǹpútà

Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, torí pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà náà ń ṣe é lọ́dọọdún. Ẹni tó kọ “gàrí” sára àpò èlùbọ́, àmàlà náà ni yóò rò lọ́jọ́ tó bá gbé omi kaná. Ìrù orúkọ tó wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró (bíi .jpg) kò ju ohun tí a kọ sára àpò lọ. Ohun tó wà nínú fáìlì ni ètò kọ̀ǹpútà máa ń kà.

Bí iyèméjì bá wà, ẹ fi Notepad ṣí fáìlì náà. Wúruwùru ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì ṣe tẹ Save rárá, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ wò. Bí ó bá jẹ́ PNG, ẹ ó rí lẹ́tà PNG gan-an lẹ́yìn àmì kan ṣoṣo. JPEG máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ÿØÿ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ ó rí JFIF tàbí Exif. WebP, irú fáìlì àwòrán ti Google, máa ń kọ RIFF, yóò fo díẹ̀, yóò wá kọ WEBP. Èyí tó ti inú iPhone wá yóò ní ftypheic níwájú. Ẹ wo èyí tí ọmọṣẹ́ yín sọ lórúkọ tuntun, mo fi dá yín lójú pé ftypheic náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fọ́tò pélébé tó fẹ́ fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò wá bá mi. Ó ní JPEG ni, orúkọ rẹ̀ sì parí sí .jpg, ṣùgbọ́n ìkànnì náà kọ̀ ọ́ nígbà mẹ́fà. A fi Notepad ṣí i, RIFF ló kí wa káàbọ̀, WebP ni. Mo ṣí i nínú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, mo yan File, mo yan Export As, mo kọ orúkọ tuntun tó parí sí .jpg, ìkànnì sì gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé Export As ni mo sọ. Láti GIMP 2.8 ti 2012, Save kò fúnni ní nǹkan mìíràn ju XCF ti GIMP fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé GIMP kò mọ JPEG ṣe.

Àgbà Aláṣẹ

Fọ́tò 214 kọjá ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba ImageMagick sílẹ̀, ètò tó ń yí ọ̀pọ̀ àwòrán padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀dà rẹ̀ ti Windows sì ń ka HEIC láìjẹ́ pé ẹ ra ohunkóhun kún un. Mo sọ èyí torí pé bí ẹ bá fẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ ṣí HEIC, HEIF Image Extensions jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìtajà Microsoft, ṣùgbọ́n HEVC Video Extensions tí yóò bá a ṣiṣẹ́ ń gba owó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò pọ̀.

Ẹ kó gbogbo HEIC sínú fódà kan, ká ní C:\isinku. Ẹ ṣí fódà mìíràn sínú rẹ̀, kí ẹ pè é ní jpg, torí pé ètò náà kò ní bá yín ṣí i. Ẹ wá ṣí Command Prompt, ojú fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí nínú Windows, ẹ kọ cd C:\isinku, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà ẹ kọ àṣẹ yìí:

magick mogrify -format jpg -quality 92 -path jpg *.HEIC

Yóò dákẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ ṣí fódà jpg kí ẹ máa wò bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé àtijọ́ tàbí ìkànnì àtijọ́ lè sọ fún yín pé convert ni kí ẹ kọ dípò magick. Ẹ má ṣe é lórí Windows, torí pé Windows ní convert tirẹ̀, dísìkì ni ìyẹn ń yí láti FAT sí NTFS, kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán.

Ní ti mogrify, ẹ tẹ́tí kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Orí fáìlì tí ẹ fún un gan-an ni mogrify máa ń kọ nǹkan sí, àfi bí -format tàbí -path bá wà níbẹ̀. Nígbà kan, mo fẹ́ dín fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi kù kí n lè gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo kọ mogrify -resize 800x800 *.jpg, mo gbàgbé -path, mo sì lọ bu omi mu. Kí n tó dé, fọ́tò ìgbéyàwó ti di kékeré tán, kò sì sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Títí di òní, férémù tí àbúrò mi gbé kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn HEIC náà sórí fláàṣì, kí ẹ yọ fláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ ṣé gan-an. Ọmọṣẹ́ mi ti fi Notepad wò ó, ftypheic ló bá níbẹ̀, ojú sì ti ń tì í. Mo ti ń gba ImageMagick sílẹ̀. Kí n tó tẹ àṣẹ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ PNG àti JPEG yìí, torí pé ẹni tó sọ ti PNG fún mi kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́.

Ọ̀gá Ṣómólú

Ẹni tó ní PNG mọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín. Bí PNG, tó jáde ní 1996, bá gba àwòrán pa mọ́, kò sí píksẹ́lì kan, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, tí yóò sọnù. JPEG, tí ìlànà rẹ̀ ti wà láti 1992, máa ń gé àwòrán sí onígun mẹ́rin kéékèèké, píksẹ́lì mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró, yóò sì da ohun tí ojú ènìyàn kì í tètè rí nù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lára awọ ènìyàn, ewé àti ojú ọ̀run, ẹ kò lè mọ̀. Lára lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun, ẹ ó rí i bí ẹ̀gbin tó rọ̀ mọ́ etí lẹ́tà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ojú fóònù, àtẹ ìṣirò àti àmì ìdánimọ̀ fi yẹ kí ó jẹ́ PNG, tí fọ́tò ènìyàn fi yẹ kí ó jẹ́ JPEG.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Fọ́tò iPhone tó jẹ́ 4,032 sí 3,024 ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù méjìlá, báìtì mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ, ìyẹn nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 36 kí a tó fún un pọ̀ rárá. PNG yóò dín in kù díẹ̀, kò ní dín in kù púpọ̀, torí pé kò gbà láti da ohunkóhun nù. Ẹ fi 214 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá gbé e wọ CorelDRAW lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn létí yín. Yàtọ̀ sí èyí, PNG kò ní àyè fún CMYK, ìyẹn àwọ̀ mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, nígbà tí JPEG àti TIFF (irú fáìlì àwòrán mìíràn) ní i. Ìwé ètò ìsìnkú yín, bó bá jẹ́ A5, kò nílò ju 1,748 sí 2,480 píksẹ́lì lọ fún ojú ìwé kan gbáko ní píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan, èyí tó wà lọ́wọ́ yín sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. -quality 92 tí Àgbà Aláṣẹ kọ sínú àṣẹ rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n dídára JPEG, ti tó. Èmi fúnra mi máa ń lo 95, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ìfura àgbàlagbà, n kò lè fi ojú fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn yín lórí ìwé.

Ohun méjì kan wà tí ó yẹ kí ẹ yọ sọ́tọ̀. Bí àmì ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́ ìyá àgbà bá jẹ́ PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ẹ má yí i sí JPEG. JPEG kò mọ ohun tó ń jẹ́ òfìfo, àwọ̀ kan ni yóò dà síbẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ dúdú. Mo ti rí àmì ẹgbẹ́ tó yẹ kó jókòó jẹ́jẹ́ sórí àwọ̀ búlúù, tó wá dà bí ìgbà tí wọ́n lẹ bébà dúdú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan ìwé la sì ti tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kígbe. Èkejì ni fọ́tò dúdú-àti-funfun ti ìgbà èwe ìyá, bí ẹ bá ní ọ̀kan tí ẹ máa tún ṣe lójú àti lára. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí JPEG, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì tún un pa mọ́ sí JPEG, ni yóò tún da díẹ̀ nù. Inú TIFF ni kí ẹ ti ṣe àtúnṣe náà títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí ẹ tó yọ JPEG kan ṣoṣo jáde. Bí wọ́n bá sì fún yín ní JPEG tó ti rẹ̀, yíyí i sí PNG kò ní jí i dìde. Yóò kàn wúwo sí i ni.

Aṣọ́nà

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ìkànnì ọ̀fẹ́ náà. Fọ́tò tí ẹ gbé lọ síbẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn báyìí, fọ́tò iPhone sì sábà máa ń gbé ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti yà á pamọ́ sínú, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi rí ilé ẹni lórí àwòrán ilẹ̀. Fọ́tò oníbàárà ni, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ kò bá rí ọ̀nà mìíràn ju orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, Squoosh ti àwọn ọmọ Google Chrome ṣe ní 2018 ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú bùráúsà yín gan-an, àwòrán kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe é o, Chrome lórí Windows kò sì ní bá yín ṣí HEIC níbẹ̀, nítorí náà PNG àti WebP ni ẹ lè fi í ṣe.

Bí ẹbí bá tún fẹ́ gbé fọ́tò náà sórí Facebook, ẹ lè fi ExifTool, ètò tó ń ka àlàyé inú fọ́tò tó sì ń yí i padà, yọ ibi tí wọ́n ti yà á kúrò:

exiftool -gps:all= *.jpg

Yóò fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ fún yín, orúkọ rẹ̀ yóò sì parí sí _original. Ẹnì kan lè ní kí ẹ lo -strip ti ImageMagick dípò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún un, torí pé -strip máa ń ju àlàyé àwọ̀ náà dànù. Àwọ̀ Display P3 ni iPhone ń lò, bí àlàyé yẹn kò bá sí nínú fáìlì mọ́, ètò mìíràn yóò kà á bíi sRGB, ìlànà àwọ̀ tí kò gbòòrò tó o, pupa aṣọ òkè ìyá àgbà yóò sì ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn fún ọdún kan.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Mo da gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì, mo tẹ àṣẹ náà, mo sì rọra mu tíì. HEIC 183 ló wà níbẹ̀. Fáìlì 31 tó kù jẹ́ .MOV, ìyẹn fídíò kékeré tí iPhone máa ń yà mọ́ fọ́tò, kò sì kan iṣẹ́ wa. JPEG 182 ló jáde. Ọ̀kan tí kò jáde, nígbà tí mo wò ó, kílóbáìtì òdo ni. Kò parí wíwọlé nígbà tí dátà tán, àwọn ọmọ olóògbé sì ti fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wọn fi àmì wọn ránṣẹ́, ó ní .jpg nídìí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Mo ní kí wọ́n wá PNG rẹ̀ wá, wọ́n rí i.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Àbúrò ìyá àgbà tó wà ní Ẹdẹ fi fóònù Android ya fọ́tò mọ́kànlá, JPEG ni gbogbo wọn. Bí mo bá ṣí wọn lórí fóònù, wọ́n dúró dáadáa. Bí mo bá gbé wọn wọ ètò tí a fi ń to ojú ìwé, mẹ́rin nínú wọn dùbúlẹ̀. Ṣé èmi ni mo ṣe é ni?

Àgbà Aláṣẹ

Ẹ̀yin kọ́, ọ̀gá. Bí ènìyàn bá dá fóònù dúró lóòró ya fọ́tò, ọ̀pọ̀ fóònù kì í yí píksẹ́lì kankan, wọ́n kàn máa ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì pé “ẹ yí mi kí ẹ tó wò mí” ni. Ètò kan máa ń ka ọ̀rọ̀ náà, òmíràn kì í kà á. Ẹ ṣí fódà tuntun kan, ẹ pè é ní titọ, kí ẹ sì kọ èyí nínú fódà tí mọ́kànlá náà wà:

magick mogrify -auto-orient -quality 95 -path titọ *.jpg

Bí Command Prompt yín bá kọ̀ láti gba lẹ́tà ọ yẹn, ẹ kọ tito láìsí àmì lábẹ́ rẹ̀, nínú orúkọ fódà àti nínú àṣẹ náà.

Atẹ̀wé Òṣogbo

Ó kọ̀ ọ́ lóòótọ́, mo lo tito. Gbogbo mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá ti dìde. Fọ́tò tí ìyá àgbà ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ẹdẹ, tí wọ́n mú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ni àwọn ọmọ wọn yàn fún ẹ̀yìn ìwé, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i láti London ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn. Àárọ̀ ọ̀la la óò gbé e sórí ẹ̀rọ.